Àfòpiná tí Kì í Pa Iná

Àwọn kan a máa wí pé kíkọ́ ọmọdé ní orúkọ Látìnì tí àwọn onímọ̀ fi ń pe kòkòrò kò yàtọ̀ sí kíkọ́ odídẹrẹ́ ní ọ̀rọ̀. Bí a bá kọ́ orúkọ láìwo kòkòrò, òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti orúkọ. Ti olùkọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdílé kan wò, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sesiidae.

Ìwà ni àwọn baba wa wò kí wọn tó sọ kòkòrò kan ní àfòpiná: lóru ni í fò wá sí ìdí fìtílà. Àfòpiná ni àwọn Sesiidae pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni púpọ̀ jùlọ nínú wọn ń fò. Apá tí ó pọ̀ lára ìyẹ́ wọn kò ní ìpẹ́ bí ìyẹ̀fun tí a ń rí lára labalábá. Ó mọ́ gaara bí dígí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ agbọ́n tàbí oyin tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tí a ti ta rí yóò fi yà fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní oró rárá. Irú ẹ̀tàn báyìí ni Henry Walter Bates ṣàlàyé ní 1862, lẹ́yìn tí ó ti wo àwọn labalábá ẹ̀bá odò Amazon.

Ní 1759, Clerck, ará Sweden, sọ ọ̀kan nínú wọn ní apiformis, èyí ni pé, ‘ó rí bí oyin’. Ní 1775 Fabricius lo orúkọ Sesia, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí àfòpiná; ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó wà nínú Mátíù orí kẹfà, níbi tí Olúwa ti kìlọ̀ fún wa nípa ìṣúra ayé. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn mìíràn ń pe ìdílé náà ní Aegeriidae, kí Sesiidae tó borí. Orúkọ ń yí padà. Ìwòye ni kò yẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan nínú ìdílé yìí, Synanthedon dasysceles, ń yé ẹyin sára ìtàkùn ọ̀dùnkún, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì gbẹ́ inú rẹ̀ wọlé. Àgbẹ̀ tí ó bá pe ìyá wọn ní agbọ́n yóò máa wá ilé agbọ́n kiri lórí igi, nígbà tí ọ̀tá ń jẹun nínú ìtàkùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní àfòpiná yóò mọ̀ pé ìdin ni kí òun wá.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dé iwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú kòkòrò náà wá. Kí wọn wo ìyẹ́ rẹ̀, kí wọn wá ìpẹ́ díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù létí rẹ̀, kí wọn fi í wé agbọ́n. Lẹ́yìn náà, kí a fún wọn ní orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ti Látìnì sì kẹ́yìn. Orúkọ tí ó bá tẹ̀lé ìwòye ni í di ìmọ̀.