Orúkọ Àwọn Ọmọ Wa: Anna



Láìpẹ́ yìí, bàbá ọmọ kan wá bá wa láti forúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin sílẹ̀ fún ìsàmì. Ó ti kọ orúkọ náà sórí bébà kékeré kan: Hannah, pẹ̀lú lẹ́tà H níwájú àti lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá, ó jókòó sórí àga gbọọrọ, ó ń tẹ́tí sí gbogbo ohun tí a ń sọ. Nígbà tí a kọ orúkọ náà tán, màmá béèrè pé: "Olùkọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" A dá a lóhùn kíákíá pé orúkọ ìyá Màríà Mímọ́ ni. Màmá mi orí, ó ní: "Ìtumọ̀ orúkọ ni mo bi yín, ẹ wá ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún mi. Ṣé obìnrin náà kò ní orúkọ kí ó tó bímọ ni?"

Ẹnu wa wọhò. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní sẹ́mínárì kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún orúkọ kan ṣoṣo, kí a lè san gbèsè tí a jẹ màmá.

Ní èdè Heberu, ojúrere ni Hannah, tàbí oore-ọ̀fẹ́: oore tí ènìyàn rí gbà láìsan owó rẹ̀. Ẹbí orúkọ náà pọ̀. Gbogbo Jean àti Jeanne tí ó wà nínú ìjọ wa, ìbátan Anna ni wọ́n, nítorí Yohanan, tí àwa ń pè ní Jòhánù, "Olúwa ti ṣe ojúrere" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ananíà náà wà lára wọn. Kódà Hannibal, ọ̀gágun Kátájì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí, inú gbòǹgbò kan náà ni orúkọ rẹ̀ ti hù, nítorí èdè Kátájì àti èdè Heberu jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n Báálì ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú orúkọ tirẹ̀, a kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sọ ọmọ bẹ́ẹ̀.

Anna àkọ́kọ́ tí Ìwé Mímọ́ dárúkọ, inú ilé olórogún ni ó ń gbé. Ẹ ṣí Ìwé Samuẹli Kìíní, orí kìíní. Ẹlikana ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n Pẹnina orogún rẹ̀ ni ó ní ọmọ. Lọ́dọọdún ni gbogbo ilé wọn ń gòkè lọ sí Ṣilo láti rúbọ, bí àwa náà ti ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá wa ní Arigbo, ní Dasa, lóṣù ẹjọ. Ẹni tí ó bá ti rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni tẹbí tará ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni olúkúlùkù ti ń fi ọmọ tí ó bí lọ́dún náà han ará. Ibẹ̀ gan-an ni Pẹnina ti máa ń fi ọ̀rọ̀ gún Anna títí yóò fi sunkún, tí oúnjẹ kò ní lọ lọ́fun rẹ̀. Ẹlikana ń tù ú nínú, ó ń bi í bóyá òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni o; àmọ́, ẹ̀yin ọkọ, ẹ kíyè sí i pé a kò rí èsì Anna níbẹ̀.

Ó dìde, ó lọ gbàdúrà. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ẹli àlùfáà wò ó, ó ní ọtí ni ó mu. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run: mélòó nínú àwọn obìnrin tí ó ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn Mísà, tí wọn kò fẹ́ lọ sílé, ni a ti fi ojú Ẹli wò? Anna ṣàlàyé ara rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ẹli sì súre fún un. Ó wá tọrọ pé kí ìránṣẹ́ rẹ̀ rí ojúrere, ọ̀rọ̀ tí ó lò fún ojúrere ní èdè Heberu sì ti inú gbòǹgbò orúkọ rẹ̀ wá. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń tọrọ.

Lẹ́yìn èyí, Ìwé Mímọ́ sọ pé ó bá tirẹ̀ lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kò tíì lóyún. Kò tíì padà sílé pàápàá. Pẹnina ṣì wà lẹ́nu àwàdà rẹ̀. Síbẹ̀ obìnrin náà ti rí ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ. Èyí ni ó yẹ kí a fi dá màmá lóhùn ní ọjọ́ yẹn: bẹ́ẹ̀ ni, ó ní orúkọ kí ó tó bímọ, orúkọ náà sì ti ṣẹ kí ó tó bímọ.

Lẹ́yìn náà ni ó bí Samuẹli, ó sì ní nítorí pé òun bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ Olúwa ni òun ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Àbẹ̀ní nílé yóò mọ ohun tí ó ń wí.

A ń sọ èyí nítorí ohun tí a ń rí láàrin wa, ní Savalou àti ní Bantè. Ìyá Pọ́ọ̀lù, Ìyá Marie: bẹ́ẹ̀ ni a ń pe obìnrin láti fi ọlá fún un, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bí ńkọ́? Àwọn ọmọdé kò mọ ohun tí wọn yóò pè é. Àwọn àgbà a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá wá bímọ, a ó ní Ọlọ́run ti wá ṣojúrere sí i, bí ẹni pé láti ọjọ́ yìí Ọlọ́run kọ ẹ̀yìn sí i.

Anna kejì ni ìyá Màríà. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú Bíbélì. Ìwé kan tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, tí wọ́n fi orúkọ Jákọ́bù sí, ni ó sọ ìtàn rẹ̀. Ìjọ kò kà á mọ́ Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n ó pa orúkọ náà mọ́. Níbẹ̀, Joakimu ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dójú tì, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣíwájú mú ọrẹ wá nítorí pé kò ní ọmọ. Ó sá lọ sí aṣálẹ̀. Anna ní tirẹ̀ jókòó nínú ọgbà, ó rí ìtẹ́ ẹyẹ lórí igi, ó bú sẹ́kún. Inú wa dùn pé ìwé àtijọ́ yẹn kò di ẹrù náà ru obìnrin nìkan. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ni a ń ṣe àjọ̀dún àwọn méjèèjì, nítòsí ọjọ́ náà sì ni Póòpù Francis fi ọjọ́ àwọn òbí àgbà sí ní ọdún 2021. Bí a bá sì ń kí Màríà pé ó kún fún oore-ọ̀fẹ́, orúkọ ìyá rẹ̀ ni a ń fi kí i, bí a kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni Anna wòlíì, ọmọ Fanuẹli, tí Lúùkù sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní orí kejì. Ọdún méje péré ni ó fi gbé pẹ̀lú ọkọ kí ó tó di opó, ó sì di arúgbó nínú tẹ́ńpìlì. Lúùkù kò sọ bí ó bí tàbí kò bí. Kò kà á sí ohun tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Obìnrin yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Jésù fún àwọn ènìyàn Jerusalẹmu.

Báwo ni orúkọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Lẹ́tà Gíríìkì kò ní ohùn ọ̀fun tí Heberu fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni ó fi di Anna. Látìnì gbà á bẹ́ẹ̀, Faransé sọ ọ́ di Anne. Àwọn ará Bretagne fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, pàápàá láti ọdún 1625 tí wọ́n rí ère rẹ̀ nínú oko àgbẹ̀ kan ní Auray. Anne ti Austria, ayaba Faransé, ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1615, ọdún 1638 ni ó tó bí Louis Kẹrìnlá: ọdún mẹ́tàlélógún gbáko! Marianne tí ó wà lórí sítáǹpù àwọn Faransé náà, Màríà àti Anna ni wọ́n so pọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọdún 1861 kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dání. Hannah tí ó ní H méjì, ọwọ́ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó padà sí Bíbélì Heberu ni ó ti tàn kálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ipò kejì ni ó wà láàrin orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní 1998, 1999 àti 2000.

Àwọn kan ṣì rò pé dandan ni orúkọ òkèèrè nígbà ìsàmì. Rárá o. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, nọ́ńbà 855, ohun tí ó ní kí a ṣọ́ra fún ni orúkọ tí ó lòdì sí ẹ̀mí Kristẹni. Oreolúwa tọ́, Àánúolúwa tọ́. Àwọn aládùúgbò wa Máhì ní Mahougnon àti Sènami, wọ́n tọ́ pẹ̀lú. Màmá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè padà wá lọ́sẹ̀ kejì, a sì sọ ìtumọ̀ náà fún un. Ó ní: "Ojúrere, àbí? Ẹ bá mi kọ ìyẹn mọ́ ọn." Bẹ́ẹ̀ ni a kọ ọ́: Anne Ojúrere.

Nítorí Anne ni ọ́fíìsì méèrì ti kọ sínú ìwé ìbí ọmọ náà, a yọ H méjèèjì kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa mú ìwé ìbí dání nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wá forúkọ ọmọ sílẹ̀, kí ohun tí ó wà níbẹ̀ àti ohun tí ó wà nínú ìwé ìjọ má baà yàtọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò CEP ni wàhálà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀.