Ẹ Má Gé Sítáǹpù Kúrò Lára Àpò Lẹ́tà: Ìkéde Àwa Olùkójọ Lẹ́tà Ọkọ̀ Ẹ̀ṣọ́ Òkun

Àwa tí a ń kó àpò lẹ́tà àtijọ́ jọ, èyí tó jáde láti inú àwọn ọkọ̀ tó ń ṣọ́ òkun Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ogun ojú omi tàbí ti ẹ̀ṣọ́ etíkun, a fẹ́ sọ ohun tí a dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa rìn, kó gbọ́ ọ kó tó dìde.

Ọdún 1908 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí pósófíìsì wà nínú ọkọ̀ ogun. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sára lẹ́tà. Lọ́dún 1932, àwọn olùkójọ dá ẹgbẹ́ Universal Ship Cancellation Society sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọkọ̀ gàgàrà nìkan ló lórúkọ. Bí àpò lẹ́tà bá ti inú ọkọ̀ ogun Arizona wá, owó gọbọi ni. Bó bá ti inú ọkọ̀ kékeré tó ń yí ẹnu èbúté ká wá, wọ́n á sọ ọ́ sínú páálí. A ò fara mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun tí a gbà gbọ́ nìyí.

Èkíní: odindi àpò lẹ́tà ni ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun ni kò ní pósófíìsì tirẹ̀. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀, wọ́n á kó lẹ́tà lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ ìlú, òǹtẹ̀ ìlú ni wọ́n á sì tẹ̀ sí i. Orúkọ ọkọ̀ lè má sí níbòmíràn ju igun òkè lápá òsì, níbi tí ẹni tó kọ̀wé fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí. Ẹni tó bá gé sítáǹpù lápá ọ̀tún, tó da ìyókù nù, ọkọ̀ gan-an ló dà nù. Orúkọ ìlú ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Èkejì: a ó máa ka òǹtẹ̀ láìkánjú. Lára òǹtẹ̀ ọkọ̀ ogun tó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ ọkọ̀ ló yí etí òbìrí ká, ọjọ́ wà láàrin, àwọn ìlà gbọọrọ sì nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti pa sítáǹpù. Nígbà mìíràn, akọ̀wé á to álífábẹ́ẹ̀tì tíntìntín sáàrin àwọn ìlà yẹn láti sọ ibi tí ọkọ̀ wà, bíi GUANTANAMO BAY. Bí ọ̀kan bá dorí kodò, a ò ní pè é ní àbùkù.

Ẹ̀kẹta: òǹtẹ̀ tí kò lórúkọ kì í ṣe pàǹtí. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun, wọ́n yọ orúkọ ọkọ̀ kúrò nínú òǹtẹ̀ kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tó wà. Lọ́dún 1942, ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “Free” síbi tó yẹ kí sítáǹpù wà. Ìgbà yẹn ni PC-1264 ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tí ọ̀pọ̀ jù lọ atukọ̀ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Inú rẹ̀ ni Samuel Gravely ti ṣiṣẹ́ ọ̀gá, ẹni tó di ádímírà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1971. Òǹtẹ̀ aláràbarà nìkan kọ́ ni yóò mú wa dé ọ̀dọ̀ irú wọn.

Ẹ̀kẹrin: a ò ní parọ́. A ò ní fọ àpò lẹ́tà, a ò ní fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́, a ò ní tẹ òǹtẹ̀ ayédèrú. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, ọ̀pọ̀ olùkójọ ló fi àpò ránṣẹ́ sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n bá wọn tẹ òǹtẹ̀ sí i. Irú ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tà á kò gbọdọ̀ pè é ní lẹ́tà tí atukọ̀ kọ sí ìyá rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: a ò ní fi ikú dá ọjà lárugẹ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1945, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Eagle 56 já sí méjì nítòsí Portland, ní ìpínlẹ̀ Maine. Èèyàn 49 kú, 13 là á já. Ìgbìmọ̀ ọmọ ogun ojú omi ní ẹ̀rọ tó ń se omi ló bú gbàmù. Ọdún 2001 ni wọ́n tó gbà pé ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, U-853, ló rì í. Bí àkọsílẹ̀ ìjọba bá lè ṣìnà fún ọdún 56, ẹ̀rí tó bá wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ohun tí a ó fi ariwo ta. Àṣírí tó bá sì wà nínú lẹ́tà, ẹbí ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín.

Ẹ̀kẹfà: a ó tọpa ọkọ̀ dé ibi tó bá parí sí. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun ni Electra nígbà tí wọ́n kàn án lọ́dún 1934. Lọ́dún 1936 ó di Potomac, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt, tí òun fúnra rẹ̀ ń kó sítáǹpù jọ. Ó wà ní Oakland títí dòní. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun mìíràn, Chase, tó tóbi jù ú lọ dáadáa, di NNS Thunder lọ́wọ́ Nàìjíríà lọ́dún 2011. Gallatin tẹ̀ lé e lọ́dún 2014, ó di NNS Okpabana. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àpò lẹ́tà Chase ní Amẹ́ríkà, ìtàn ọkọ̀ tó dé Èkó ló dì mú.

Kò sí owó ìwọlé láàrin wa. Ẹni tó bá gba ohun mẹ́fà yìí ti di ọ̀kan nínú wa. Kó bẹ̀rẹ̀ látinú àpótí tó wà nílé rẹ̀: kó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn àpò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó kọ orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ àti èbúté sínú ìwé ọ̀tọ̀, kó sì fi han ẹlòmíràn tó lè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe.