Ẹ má fi àtẹ̀gùn dá akàndá ẹ̀dá padà lẹ́nu yunifásítì

Ojú ọ̀nà tó gba Ìgándò lọ sí Ìyànà Ìbà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Odò ń tọ̀ lọ sí LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀jọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá á sáré fò mọ́ dánfó tí kò tíì dúró tán. Tó bá kan ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, kọ́ńdọ́kítọ̀ á wo kẹ̀kẹ́ náà, á ṣírò iye èrò tí àyè rẹ̀ lè gbà, ọkọ̀ á sì gbéra. Bó bá wá làkàkà dé iléèwé, tó bá a pé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, kí ni kó ṣe? Ẹnikẹ́ni má pe èyí ní ọ̀rọ̀ àánú, nítorí òfin ti wà nílẹ̀. Èkó ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2011, nígbà ìṣèjọba Gómìnà Fáṣọlá, òfin yẹn ló bí LASODA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 ní kí gbogbo iléèwé ìjọba, títí kan yunifásítì, gba akàndá ẹ̀dá láyè, kí wọ́n sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń mójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ọdún márùn-ún ló fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò láti ṣàtúnṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024.

Àwọn aláṣẹ á ní owó dà. Lóòótọ́, ẹ̀rọ agbéniròkè wọ́n, iná ìjọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ṣùgbọ́n èló ló ń náni láti gbé kíláàsì kan wá sí ìsàlẹ̀? Olùkọ́ tó ti tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lè fi ránṣẹ́ ṣáájú, kí fóònù afọ́jú kà á sí i létí. Ògbufọ̀ èdè adití ló máa gba owó oṣù, ẹ jẹ́ kó wọnú ìṣúná. Àwọn kan tún ń sọ pé kí àwọn akàndá ẹ̀dá máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àkànṣe ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin ńkọ́? Àwíjàre pé gbígbà wọ́n wọlé á dín ojúlówó ẹ̀kọ́ kù kò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: láti 2017 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ti gbé ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ kalẹ̀ fún ìdánwò àwọn afọ́jú, tí wọ́n ń lo bíréèlì, wọ́n sì ń wọlé.

NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, ló lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan, wọ́n máa ń wo iye olùkọ́, wọ́n á wo ilé ìkàwé. Kí wọ́n máa béèrè òṣìṣẹ́ tí òfin 2019 sọ yẹn pẹ̀lú: orúkọ rẹ̀, ọ́fíìsì rẹ̀, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ràn lọ́wọ́ lọ́dún náà.