Ògbufọ̀ Ló Gba Àpótí Là

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ yéé sọ pé agbára ẹ̀rọ nìkan ló ń mú géèmù dùn. Irọ́ ni! Ní 2015, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Alienware gbé Steam Machine jáde: kọ̀ǹpútà kékeré fún pálọ̀, tí èèyàn lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kó máa gbá géèmù. SteamOS tí Valve kọ́ lé orí Linux ló ń lò. Agbára wà níbẹ̀ o! Kí ló wá dí i lọ́wọ́ jù? Èdè ni! Windows ni ọ̀pọ̀ géèmù gbọ́, wọn ò gbọ́ Linux. Ìkòkò dára, ọbẹ̀ inú rẹ̀ ò tó jẹ.

Ní 2018, Valve gbé Proton dé, ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Windows sí ti Linux. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Steam Deck ní 2022. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n tún kéde Steam Machine tuntun.

Ẹ wá ń bi wá pé kí la fẹ́ fi Yorùbá àti ìtumọ̀ ṣe? Ẹ̀rọ tí ò gbédè, àpótí lásán ni. Ẹni tó bá ń fi ògbufọ̀ ṣẹ̀sín, kó lọ bi Valve.