Ìgbà Wo Ni Abẹ́rẹ́ Ìkẹyìn Tọ́ sí Ajá Ẹni?

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ajá rẹ̀ ti darúgbó máa ń gbàdúrà pé kó kú fúnra rẹ̀ lójú oorun. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àrùn kíndìnrín, jẹjẹrẹ àti àìsàn ọkàn lè fi ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù jẹ ajá níyà kó tó kú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ẹranko fi ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tó ń mú ẹranko sùn láìjí mọ́. Mímọ ìgbà tó yẹ kí a gbà á fún ajá tí a fẹ́ràn ló ṣòro.

Kí ẹ tó ronú kàn án rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ àrùn tó ń ṣe é. Àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá nílẹ̀ wa lè sọ ajá alágbára di èyí tí kò lè dìde. Èrìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, á sì kọ oúnjẹ. Ẹni tó bá rí i á ní ó ti parí fún un. Síbẹ̀, bí wọ́n bá tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tí wọ́n sì fún un lóògùn tó bá a mu, púpọ̀ ló ń bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó ẹlẹ́jẹ̀ tí ajá ń kó níbi gígùn. Ó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ vincristine tí wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn pátápátá. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ sí ohun tí dókítà kan sọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta.

Bí àrùn náà kò bá gbóògùn mọ́ ńkọ́? Alice Villalobos, dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹranko ní Kalifóníà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 2004. Ohun méje ló ní kí a wò: ìrora, oúnjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, inú dídùn, ìrìn, àti bóyá ọjọ́ tó dára ṣì pọ̀ ju èyí tí kò dára lọ. Máàkì 10 ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá lé ní 35, a ṣì lè máa tọ́jú ajá náà nìṣó.

Mo fara mọ́ òṣùwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n èmi kì í ka àwọn méjèèje sí ọgbọọgba. Mímí, tí Villalobos kà mọ́ ìrora, ló ga jù lójú tèmi. Ajá tó ń sùn kò yẹ kó mí ju nǹkan bí ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi aago kà á. Èyí tó ń na ọrùn, tó ń fi ikùn fa èémí, tí kò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nítorí àìríìmí, tí oògùn kò sì ràn án mọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ìrora le láti mọ̀ nítorí ajá kì í sábà ké. A máa ju ìrù fún olówó rẹ̀ tòun ti ìrora. Ẹ wo èyí tó ń gbọ̀n, tó ń lá ojú kan ṣáá, tó wá ń gé àwọn ará ilé tí kò gé jẹ rí jẹ. Ológbò tilẹ̀ ń fi ìrora pamọ́ ju ajá lọ: á sá sábẹ́ ibùsùn, kò sì ní lá irun rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn ara yín tọ́jú wọn. Paracetamol ń pa ológbò. Ibuprofen ń dá egbò sínú ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó ń rí ajá lójoojúmọ́ kì í tètè mọ bó ṣe ń joro. Ẹ máa sàmì sí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ tó jẹun tó sì dìde wá kí yín, àti ọjọ́ tí kò lè ṣe é. Bí ọjọ́ burúkú bá ti ń pọ̀ jù, àkókò ti tó. Ẹ sọ iye owó tí agbára yín ká fún dókítà pẹ̀lú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Dìgbòlugi nìkan ni kò gba ìṣirò. Bó bá ti hàn lára ajá, kò ní yè. Ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi igi fọ́ ọ lórí, torí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ ní kí dókítà kọ́kọ́ fún un ní oògùn oorun. Pentobarbital tó máa ń tẹ̀ lé e yóò dá ọkàn rẹ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í sábà pa dé, ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì lè tọ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ẹ má purọ́ fáwọn ọmọdé pé ó lọ sí ìrìn àjò. Ẹ sọ fún wọn pé ó kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ta òkú rẹ̀ fún òun láti sè, ẹ kọ̀. Oògùn náà kì í kúrò nínú ẹran bí a tilẹ̀ bọ̀ ọ́, ajá tàbí igún tó bá sì jẹ ẹ́ lórí ààtàn lè kú. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an.