Ẹnìkan Kì Í Bú Ṣàngó Lẹ́ẹ̀rùn: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Wo Fíìmù Tuntun?

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nínú oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run, bí ẹnì kan bá ní kí Ṣàngó pa òun bí òun bá purọ́, ta ni ìbúra bẹ́ẹ̀ fẹ́ bà lẹ́rù? Ṣùgbọ́n kí ó di àárín òjò, kí ojú ọ̀run ṣú, kí àrá máa sán, kí onítọ̀hún tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa pa kẹ́kẹ́. Ẹnu kan náà ló sọ ọ́. Àsìkò ló fún ọ̀kan lágbára, tó sì gba agbára lọ́wọ́ èkejì.

Nígbà tí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, sùúrù ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbọ́ nínú rẹ̀: ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, àsìkò kò tíì tó. Òótọ́ ni, àmọ́ apá kan ni. Ẹni tó jẹ́ kí òjò kásẹ̀ nílẹ̀ kó tó rántí pé òun fẹ́ búra ti pẹ́ jù, kò sì sí sùúrù tó lè bá a dá àrá padà. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ fi wo ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ ń bára wọn sọ nígbàkígbà tí fíìmù tuntun bá dé Filmhouse ìlú wọn: ìgbà wo la máa lọ wò ó? Ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù ni, “Ẹ jẹ́ kí èrò dín kù ná.”

Ọjọ́ Ẹtì ni fíìmù tuntun sábà máa ń bọ́ sí sinimá ní Nàìjíríà. Láti ọjọ́ Ẹtì náà títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ni ilé sinimá ń ka èrò, àwọn tó ń pín fíìmù kiri náà ń kà á. Iye tí wọ́n bá rí ni wọ́n fi ń pín wákàtí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó bá kún á gba ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ráyè. Èyí tí èrò rẹ̀ kò tó, ọ̀sán gangan ni wọ́n máa tì í sí, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ṣì wà nídìí tábìlì, tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA ṣì wà ní kíláàsì. Ta ló fẹ́ wá wò ó nígbà yẹn? Ìjókòó á tún ṣófo sí i, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mi ò bá ilé sinimá jà lórí èyí. Epo tí wọ́n ń bù sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́ kò dín kù nítorí pé ènìyàn mẹ́rin péré ló jókòó. Àmọ́ ẹni tó ní kí èrò dín kù ná, tó wá dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tí kò bá fíìmù náà mọ́, kó mọ̀ pé òun náà wà lára àwọn tó lé e lọ.

Kì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, tí Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, sì gbé Ìjà Òmìnira jáde lọ́dún kan náà, ẹni tó ni fíìmù ló ń bá a rìn láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀, owó ńlá sì ni ẹ̀dà kan. Wọ́n á kó ẹ̀rọ àti aṣọ funfun sínú ọkọ̀, wọ́n á háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á fi han àwọn ará ìlú, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á kọrí sí ibòmíràn. Ẹni tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ti pàdánù rẹ̀, ó di ìgbà tí ọkọ̀ wọn bá tún gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Ó gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Kí bàbá tó rí owó rẹ̀ kó jọ, àwọn olè ti da fíìmù náà kọ sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á. Àwọn tó ra kásẹ́ẹ̀tì jókòó sílé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn; ẹni tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín wà nínú gbèsè. Ọdún 2018 ni bàbá náà kú. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní òun máa dúró dìgbà tí fíìmù tuntun bá bọ́ sórí Telegram, òun ni mo máa ń rántí, inú mi kì í sì í dùn.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù lónìí mọ àsìkò. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love, ya October 1 ní àwọn ibi kan tó fi mọ́ Ìlárá-Mọ̀kín tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ìtàn ìpànìyàn ni, ní ọjọ́ díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960. Olóògbé Sadiq Daba ló ṣe ọlọ́pàá tó ń wá apànìyàn náà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2014 gan-an ni wọ́n gbé e sí sinimá. Ọjọ́rú ni, kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì, síbẹ̀ wọn kò sún un síwájú. Ẹni tó wo fíìmù yẹn lọ́jọ́ tí àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ káàkiri ìlú rí ohun tí ẹni tó wò ó ní oṣù Kẹta kò lè rí. Oṣù Kejìlá ni Fúnkẹ́ Akíndélé ní tirẹ̀ yàn láàyò, nígbà tí ọmọ ìdálẹ̀ ti wálé, tí ìdílé ń wá ibi tí wọ́n á jọ lọ. Ó gbé A Tribe Called Judah jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2023. Kí oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá.

Ṣé kí gbogbo wa wá máa rọ́ lọ lọ́jọ́ Ẹtì ni? Rárá o. Fíìmù Amẹ́ríkà olówó gọbọi kò nílò ìjókòó yín ní Àkúrẹ́ kó tó rí jẹ. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, kí ẹ lọ lọ́sàn-án. Tíkẹ́ẹ̀tì àárín ọ̀sẹ̀ sábà máa ń rọjú díẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tó dáa jókòó sí. Fíìmù ẹ̀rín tiwa, àárín èrò ló ti dùn. Ẹ̀rín máa ń ran ènìyàn, àwàdà tí ẹ̀yin nìkan wò nínú gbọ̀ngàn òfìfo sì máa ń dà bí ẹni pé kò pani lẹ́rìn-ín. Fíìmù tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jinlẹ̀ ló ṣòro, nítorí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n ka èrò fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń yàn fún irú rẹ̀. Ìdajì Àkúrẹ́ ti wọ aṣọ ẹbí lọ sóde ìnáwó nígbà yẹn, ariwo inú sinimá á dín kù, àmọ́ wọ́n ṣì ń ka orí.

Ní ti òwe Ṣàngó yẹn, ọmọ Oǹdó lè dá mi lóhùn pé Ògún làwọn ń bú, irin kò sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò. Mo gbà. Fíìmù bẹ́ẹ̀ wà: Saworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, kò sí ọdún tí a wò ó tí kò bágbà mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó yá owó ṣe fíìmù tuntun kò lè dúró de ogún ọdún.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló bá ẹni tó ń ti Oǹdó bọ̀ wá wo fíìmù ní Àkúrẹ́ lára mu jù. Ìran alẹ́ máa ń pẹ́ kó tó parí, ọ̀nà tó gba Ọ̀wẹnà kọjá kì í sì í ṣe èyí tí mo lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó rìn lóru láyé ajínigbé yìí. Kí onítọ̀hún kúrò ní Oǹdó láàárọ̀, kó wo ìran àkọ́kọ́, kó sì wọ mọ́tò padà kí oòrùn tó wọ̀. Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni, kó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí fóònù kó tó kúrò nílé, torí kò sí ọ̀sán tí sinimá kì í kún nígbà ọdún.