Ìwé Sọ̀wédowó Inú Báàgì Alága
Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiyín? Nínú tiwa, alága nìkan ni. Akápò á ka iye owó sí wa létí, ìwé á wà nínú báàgì alága. Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń bu ú, òun náà ló tún ń ka ẹran. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni alága. Mo gbà, àmọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò gbára lé ìwà ọba: Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjòyè méje, lè kọ Aláàfin, ẹgbẹ́ Ògbóni sì ń ṣọ́ àwọn náà. (Síbẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, gba agbára sọ́wọ́, ó di 1774 kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀.) Nítorí náà, mo dábàá ìbuwọ́lù ẹni mẹ́ta lórí ìwé sọ̀wédowó wa. Akọ̀wé ní kí n ṣe sùúrù, alága ló ń yan ohun tí ìpàdé máa jíròrò.